Ẹbọ Kò Sọ Pé Kí A Má Lo Oògùn
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ilé òrìṣà sọ ní Parnell Street, Dublin

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ sọ síta lónìí: ọ̀rọ̀ àwọn tí orí wọn ń dàrú, àwọn tí ohun tí ojú wọn ti rí kò jẹ́ kí wọ́n sùn, àti àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi. Ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, dókítà sì ti fún un ní oògùn. A dá Ifá, a rú ẹbọ, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wá bi mí bóyá kí òun ṣì máa lo oògùn náà. Mo ní, "Ẹbọ ti fín, ó ti dà. Kí lo tún ń wá nínú oògùn òyìnbó?" Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi rí i láàárín títì lóru, nínú òjò, láìwọ bàtà. Ọpẹ́ ni pé ó yè. Ẹ̀bi náà tèmi ni, kì í ṣe ti òrìṣà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí àwọn àgbà wa ṣe ṣe é. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa tọ́jú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń gbé láàárín èèyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Ìwádìí kan tún wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ní Nàìjíríà àti Gánà, ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2020. Aláìsàn 307 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà ni gbogbo wọn wà. Ní apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wá bá oníṣègùn nílé rẹ̀, wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn, wọ́n sì ń bá oníṣègùn jíròrò lórí ohun tó lè pa aláìsàn lára. Oníṣègùn ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ní apá kejì, kò sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n wọn bí àìsàn náà ṣe le tó. Apá kìíní gba nǹkan bí 53, apá kejì gba nǹkan bí 68, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá kéré ló sàn. Wọn kò ní kí adáhunṣe palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó ṣílẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn mìíràn wà tó yẹ ká tì. Ní 2019, Human Rights Watch kọ ìròyìn nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ilé àwọn mùsùlùmí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Pàṣán àti ebi kì í wo orí sàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òpópónà tí a wà yìí. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá tọrọ ààbò ní Írẹ́lándì ló gbé nínú ètò direct provision tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 19.10 euro ni àgbàlagbà ń gbà lọ́sẹ̀, wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ títí di 2018. Ní November 23, 2023, wọ́n fi ọ̀bẹ gún àwọn ọmọdé ní Parnell Square. Nígbà tó di alẹ́, rògbòdìyàn bẹ́, wọ́n dáná sun bọ́ọ̀sì. Ẹni tó sá fún ogun wá síbí, kí lẹ rò pé yóò lá lálá lóru ọjọ́ yẹn? Tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bá yín, ẹ má fipá mú un sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a débi tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà, bíi Spirasi ní Dublin yìí, tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n dá lóró.

Ní ti ọtí àti oògùn olóró, èébú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti 1983 ni William Miller ti kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn: ká béèrè, ká sì gbọ́. "Kí ni ọtí yìí ń ṣe fún ọ? Kí ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ?" Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìrí dókítà; gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Tó bá wà láàárín wa, ẹ jẹ́ ká fi omi tútù ṣe ètùtù dípò ọtí. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, ẹ̀sìn wọn kò sì dín.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ fún aláìsàn pé kó ju oògùn rẹ̀ nù. Kí ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan mọ dókítà àdúgbò kan dáadáa. Kí a má sì pa òwe "ikú yá jẹ̀sín" lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, nítorí ó ti pa èèyàn. Ẹni tí ẹ̀mí bá sú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Samaritans ń gbé fóònù tọ̀sán-tòru ní 116 123, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣì ń wá sọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a bọ òrìṣà tán, ó ní kí n bá òun bu omi wá, àsìkò oògùn òun ti tó. Ọwọ́ mi ni mo fi bu ú.

Orí wa kò ní dàrú. Àṣẹ.