Ọ̀dọ̀ Ta Ni O Wọ̀ Sí? Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Dá Rìnrìn-Àjò Lórí Alùpùpù

Ìbéèrè ni àkọlé ọ̀rọ̀ mi lónìí: 'Ọ̀dọ̀ ta ni o wọ̀ sí?' Kí n tó sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ, n óò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rán mi létí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù. Ó wá bá mi, ó ní òun fẹ́ gbéra ní Ìlọrin lọ́jọ́ Ẹtì, kí òun gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, kí òun wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́, kí òun pàgọ́ sínú igbó fún òru méjì, kí òun sì padà sílé lọ́jọ́ Àìkú. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: 'Ọ̀gá, kí ni kí n kọ́kọ́ fi sínú àpò?' Mo dá a lóhùn pé ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá kì í wọnú àpò. Ẹnu yà á. Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí a fẹ́ tẹ̀. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Odùduwà fún Ajagunńlà, baba ńlá àwọn Ọ̀ràngún, ní ogbó kan. Irú àdá kan ni ogbó. Òun ni Ajagunńlà fi ń la ọ̀nà, òun ni ó sì mú kí ó máa sọ pé, 'Ogbó mi mọ̀nà.' Wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ èdè kì í tètè búra lórí irú ìtàn báyìí, nítorí pé bí orúkọ ti ń ti inú ìtàn jáde ni ìtàn náà ń ti inú orúkọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin: àwọn tí ó tẹ ilẹ̀ náà dó kò gbà pé ẹsẹ̀ nìkan tó ọ̀nà rìn. Wọ́n ní ohun kan lọ́wọ́ tí ó mọ̀nà.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn dá lọ sùn sígbó. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni àwọn ọdẹ wa ń ṣe? Ọdẹ a máa dá wọ igbó, a máa gun ègùn lóru, a sì máa sun inú ahéré lọ́jọ́ púpọ̀. Ìrìn-àjò àdálọ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì pàápàá kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ní ọdún 1952, Ọlábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láti Chicago dé Los Angeles. Lẹ́yìn náà ni ó fi alùpùpù kékeré yí ayé ká, tí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí à ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó ní ọjọ́ 41, láti gba owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, èmi kò bá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wí pé ó fẹ́ dá lọ. Ohun tí mo bá a jiyàn lé lórí ni ìtumọ̀ tí ó fún 'dídá lọ'. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó dá lọ ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò nígbà kan.

Ní ọdún 2009 ni. Mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà, mo sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Ọdún náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú òfin akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan ní àwọn ìlú wa fi ń dé igbá mọ́rí kí wọ́n lè rí ojú àwọn ẹ̀ṣọ́. Èmi ra akoto gidi. Mo ra àgọ́. Mo di ẹrù rẹpẹtẹ. N kò sọ fún ará ilé ju pé mo ń lọ sí 'ọ̀nà Òmù-Àrán'. Táyà ẹ̀yìn jò lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, òjò sì dé bá mi níbi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi dé ìtòsí Èsìẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Mo yà sínú oko kájú kan tí n kò mọ olóko, mo pàgọ́, mo sì sùn.

Iná ni ó jí mi. Ọkùnrin mẹ́ta dúró yí àgọ́ ká pẹ̀lú ìbọn àti iná ìléwọ́. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú ni wọ́n. Àgbà inú wọn ní kí n jáde. Kò bèèrè orúkọ mi. Kò bèèrè ìwé alùpùpù. Ó ní, 'Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ ta ni o wọ̀ sí?'

Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, n kò wọ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.'

Ó ní, 'Ta ni ó mọ̀ pé o wà níbí? Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a kò rí ọ, ta ni yóò bèèrè rẹ lọ́wọ́ wa?'

N kò ní èsì. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà ìdánwò oyè mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mú mi dákẹ́ bí i ti bàbá yẹn. Àwọn ọdẹ ìbá ti rò pé olè ni mí. Olè gidi ìbá sì ti rí mi kí wọ́n tó rí mi. Bàbá náà mú mi lọ sílé rẹ̀, ó tẹ́ ẹní fún mi. Láti òru ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo: wọ̀. A máa ń sọ pé oòrùn wọ̀. A sì máa ń sọ pé àlejò wọ̀ sí ilé báyìí. Ó dà bí ẹni pé èdè wa fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé nígbà tí oòrùn bá fi wọ̀, ó yẹ kí arìnrìn-àjò náà ti wọ̀ sí ibì kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ wo àwọn ère náà. Wọ́n lé ní 1,000: ọkùnrin, obìnrin, a fi òkúta rírọ̀ gbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọn ni ó rí wọn nínú igbó ní nǹkan bí ọdún 1775. Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, tí ó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò fún ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ayé. Ní ọdún 1945 ni a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọdẹ ni ó rí wọn, ọdẹ tí ó wọ igbó tí ó sì padà wá ròyìn. Bí kò bá ní ilé tí ó ń padà sí, ta ni ìbá gbọ́? Ìtàn mìíràn sọ pé àlejò ni àwọn ère náà nígbà kan rí, pé àárín àwọn àti onílé ni ó dàrú tí wọ́n fi di òkúta. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sùn ní ìlú onílùú, kí ó fi ìyẹn sọ́kàn.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń ṣètò irú ìrìn-àjò yìí? Èkíní ni ènìyàn. Wá ẹni tí ó ń gbé ibi tí o ń lọ kí o tó gbéra: ìbátan ọ̀rẹ́, olùkọ́, àlùfáà tàbí lémọ́ọ̀mù. Jẹ́ kí ó fi ọ́ han baálé, kí àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú sì mọ̀ pé àlejò wà. Kọ ọ̀nà tí o máa gbà sínú ìwé fún ẹni kan nílé. Ẹ jọ dá wákàtí tí o máa fi fóònù pè é lówùúrọ̀ àti lálẹ́, kí ó sì mọ ẹni tí yóò pè bí kò bá gbọ́ ohùn rẹ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú onílé ni àlejò fi ń ríran.

Èkejì ni àkókò. Ọ̀nà a máa yọ̀ nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀nà láàárọ̀, òru a sì tutù. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn fún ẹni tí kò rìn rí, bí kò bá ní dáná sínú koríko gbígbẹ. Gbéra ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀, kí o sì ti dé ibùsùn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Má ṣe gun alùpùpù lóru.

Ẹ̀kẹta ni alùpùpù fúnra rẹ̀. Ọ̀kadà ìgboro àti alùpùpù ọ̀nà jíjìn lè jẹ́ ẹyọ kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Yẹ táyà méjèèjì wò, àti bíréèkì, ṣéènì, ọ́ìlì àti iná. Gbé túùbù kan dání, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì, sípánà àti ẹ̀rọ ìfẹ́táyà. Kí o sì kọ́ bí a ti ń yọ táyà kí ó tó di ọ̀rànyàn. Láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán kò tó kìlómítà 100. Bí alùpùpù rẹ bá ń rin kìlómítà 30 lórí lítà kan, àlọ àti àbọ̀ yóò gba bí i lítà 7. Ṣètò fún 10, nítorí ìyàbàrá. Akoto kò ṣeé fi sílẹ̀. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ẹ̀kẹrin ni ẹrù, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ fi ṣe èkíní. Kí ó mọ níwọ̀n: àgọ́, ẹní, aṣọ ìbora, aṣọ òjò, àpò ẹ̀fọn, iná ìléwọ́, egbòogi, omi, gààrí àti ẹ̀pà. Èyí tí ó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ; má ṣe gbé nǹkan kọ́ hándù. Rọ́bà túùbù àlòkù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù dára púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, di ẹrù náà tán kí o sì gùn ún yí àdúgbò rẹ ká. Sun òru kan nínú àgọ́ náà ní ọgbà ilé rẹ. Àṣìṣe tí ó bá hàn nílé, ẹ̀rín ni a óò fi rín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Ọ̀nà tí mo rìn ní ọdún 2009 kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòró ní gúúsù Kwara, wọ́n sì pa ọba ìlú náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ olùjọsìn lọ kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Nítorí náà, èmi kò lè sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ pàgọ́ sínú igbó níbẹ̀. Pa àgọ́ rẹ sí àgbàlá ẹni tí o wọ̀ sí. Ìràwọ̀ tí ó wà lójú ọ̀run igbó náà ni ó wà lójú ọ̀run àgbàlá. Bí ó bá wù ọ́ láti rí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi Òwù, bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bí ọ̀nà ti rí, má sì dá lọ. Bí onílé bá sì ní kí o má wá, má ṣe lọ. Abéèrè kì í ṣìnà, bí ó bá gba èsì tí wọ́n fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, orúkọ ènìyàn mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á lálejò ní Òmù-Àrán ti sọ fún un pé kí ó ní sùúrù ná, ara kò tíì rọ ìlú. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó dúró. Lẹ́yìn oṣù kan ni wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dá lọ, ó dá bọ̀, ó sì wo àwọn ère náà ní ọ̀sán gangan.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá sọ fún yín pé òun fẹ́ dá rìnrìn-àjò, ẹ má ṣe yára kọ̀ fún un. Ẹ bi í ní ìbéèrè bàbá ọdẹ. Bí ó bá rí èsì fún un, ó ti mú ogbó tí ó mọ̀nà lọ́wọ́.