Ọ̀dà Kì Í Wo Pákó Tó Ti Rà Sàn

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Gbọ̀ngán

   

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ ìtàn ẹgbẹ́ wa. Ìtàn náà wà nínú ìwé yìí. Èmi náà ni mo kọ ọ́, mo sì ti yìn wá tó níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹ rí lẹ́nu géètì nígbà tí ẹ ń wọlé, bọ́lẹ̀kájà aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọdé ń bá ya fọ́tò. Àwọn kan ti bi mí léèrè pé èló ni mo rà á. Mi ò rà á o. Ogún ni.

Bàbá mi ló ni ín. Ní 1967 ló rà á, Bedford ni. Ilé iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford ní 1931. Irú ti bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní TJ, jáde ní 1958. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí lè má mọ̀ pé kì í ṣe odindi ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kó wá láti òkè òkun láyé ìgbà náà. Iwájú, ẹ́ńjìnnì, ṣásí àti táyà ló máa ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Gbogbo ara tó kù, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa ló ń fi gẹdú kàn án: ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òrùlé rẹ̀, àti bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé. Nítorí náà, bọ́lẹ̀kájà tí ẹ rí yẹn, ìdajì rẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìdajì rẹ̀ ọmọ Yorùbá.

Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí gbogbo ọkọ̀ sí apá ọ̀tún. Bàbá mi ò yí sítíárì tirẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ ibẹ̀.

Ọkọ̀ yìí kó kòkó láti oko àwọn ará ìlú yìí lọ sí Ìbàdàn. Ó ń gba Ìkirè kọjá, ó ń gba Aṣéjírè, títí yóò fi dé ìlú tí wọ́n ti fi owó kòkó kọ́ Ilé Kòkó, alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Lọ́jọ́ ọjà, ó ń gbé àwọn ìyá wa lọ sí Àpòmù. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ wọn lọ́nà, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Wọn á kó ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á tẹ́ ẹní sórí pákó, wọn á ta tapólì bo ẹ̀yìn. Ìyá mi sọ fún mi pé oyún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú òun nígbà kan tí òjò dá wọn dúró lọ́nà, òun sì sùn nínú ọkọ̀ náà mọ́jú, ẹ̀kán omi kan ò sì kan òun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí sọ́kàn.

Bàbá mi kọ òwe sára ọkọ̀ rẹ̀ bí àwọn onímọ́tò ìgbà náà ti máa ń ṣe. Níwájú, lókè orí awakọ̀, ó kọ ọ́ pé: ỌWỌ́ ỌMỌDÉ Ò TÓ PẸPẸ. Apá kejì òwe náà wà lẹ́yìn ọkọ̀, lára pákó tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Ẹni tó bá pàdé ọkọ̀ á ka apá kìíní. Bí ọkọ̀ bá sì kọjá tán, á yíjú padà, á ka èkejì.

Nígbà tó yá, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré gba èrò lọ́wọ́ bọ́lẹ̀kájà. Bàbá mi náà di àgbà. Ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ló sì wà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí bàbá papò dà, àwọn tó ń ra ògbólògbó irin bẹ̀rẹ̀ sí í wá kanlẹ̀kùn. Èmi ni mo ní a ò ní tà á. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni mí, mo lówó díẹ̀ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ìlú rí i pé ọmọ bàbá mi ò gbàgbé bàbá rẹ̀.

Ní òpin ọdún 2021, mo gbé akunlé kan wá. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ẹ mọ̀ pé mẹ́káníìkì ni níbí, wá bá mi lábẹ́ igi. Ó fi ọwọ́ tẹ pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má tíì kùn ún o. Omi ń gba òkè wọlé."

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ tìẹ. Bá mi wo ẹ́ńjìnnì."

Kò fèsì. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó tún un ṣe títí ó fi dáhùn. Èmi kun ọkọ̀. Ó dán yinrin. Lọ́jọ́ ọdún Kérésì, gbogbo àdúgbò wá wò ó, fọ́tò rẹ̀ sì gba orí fóònù kan. Inú mi dùn gan-an.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, lójú òjò, ìyá mi ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ nínú ọkọ̀ ọkọ òun. A gbé àga kékeré kan fún un, ó fi gùn ún, ó gbé ẹsẹ̀ sórí pákó, ó gbé èkejì. Pákó náà já lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fọ́ àkàrà òòjọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé orókún. Ọlọ́run ló yọ wá, egungun ò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀pá ni ìyá mi fi ń rìn, nítorí ọ̀dà tí èmi fi bo ohun tó ti rà mọ́lẹ̀.

Àbúrò mi ò sọ pé, "Ṣé mo wí fún yín?" Ó kàn lọ pe gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà kan tó ti kan ara ọkọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá náà mú ṣúkúdíráfà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ó ń fi gún pákó kiri, ibi tó le ń dún, ibi tó rà ń gbé irin mì. Ó wá bojú wò mí, ó ní, "Mánijà, ta ló ṣe òkú lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí?"

Ohun tí bàbá yẹn kọ́ mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ni pákó ti rà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kọ́ ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ni. Ìṣó méjì péré ti tú nínú páànù òkè, ihò wọn ò ju orí igi ìṣáná lọ. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń ṣàn gba inú òpó, ó ń sùn sí ibi tí òpó ti wọ ilẹ̀ ọkọ̀. Orí igi tí a gé máa ń mu omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Níbi tí bọ́ọ̀tì ti gba inú pákó, irin ti dípẹtà, ihò ti gbòòrò, omi ti rí ibùsùn. Igi tó gbẹ kì í rà: bí omi inú rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó ń jẹ igi ò lè hù nínú rẹ̀. Ọ̀dà tí mo kùn kò jẹ́ kí igi náà mí. Ó há omi mọ́ inú. Ohun tí ì bá gba ọdún márùn-ún kó tó rà, mo bá a yá a kánkán.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Gbọ̀ngán nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn máa ń gbé yàrá kékeré, tó ní ibùsùn àti ìdáná, lé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọn á máa fi rìnrìn àjò. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́, igi ló wà nínú, páànù aluminíọ̀mù ló wà lóde. Ohun kan náà ló ń pa wọ́n: omi gba ojú ìsopọ̀ òkè wọlé, igi rà nínú, páànù ṣì ń dán lóde. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí páànù, kó rí ìdọ̀tí inú.

A ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ká kọ́kọ́ dí òkè, ká tó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, a há gbogbo ọ̀dà mi dànù, a ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, a bá olú wẹ́wẹ́ tó hù sára igi. A fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní gbangba kí ọyẹ́ gbẹ ẹ́, oṣù méjì gbáko. Èmi ń kánjú, bàbá ò dá mi lóhùn. Nígbà tó gbẹ, ó gé kọjá ibi tó rà, títí tó fi kan igi tó le. Ó ní ẹni bá kan pákó tuntun mọ́ èyí tó rà, ó ń fi ọmọ fún ikú gbé ni. Ilẹ̀ tó ti rà yẹn, afárá ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ nígbà kan nítorí ó dínwó. Àwọn òpó àtijọ́ tó jẹ́ ìrókò, bí wọ́n ti wà ní 1967 ni wọ́n ṣe wà, àfi ẹsẹ̀ wọn nìkan. Ìrókò ni a fi ṣe ilẹ̀ náà báyìí. A fi oògùn ikán sí i, a pààrọ̀ bọ́ọ̀tì, ẹ̀yìn ìyẹn la tó kun ún. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn, òun ló sì gba owó tó kéré jù.

Pákó ẹ̀yìn, tí apá kejì òwe bàbá mi wà lára rẹ̀, ti rà kọjá àtúnṣe. Nígbà tí akọ̀wé bi mí pé kí ni kóun kọ sí tuntun, àbúrò mi ni mo ní kó dárúkọ rẹ̀. Ó ní: TI ÀGBÀLAGBÀ Ò WỌ KÈRÈGBÈ. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀ mi. Iṣẹ́ alukoro, iṣẹ́ akunlé ni. Èmi ni mò ń ya fọ́tò wa, èmi ni mò ń kọ ìròyìn wa, èmi ni mo to ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kun ẹgbẹ́ yìí, a sì ń dán. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa ò wá sí ìpàdé mọ́, kò sì san owó oṣù. A bù ú ní owó ìtanràn. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ni mo gbé orúkọ rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ láàárín àwọn onígbèsè. Nígbà tí a parí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ihò ìṣó méjì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ kanlẹ̀kùn arákùnrin yìí. Ọmọ rẹ̀ ti lo oṣù mẹ́rin ní ọsibítù. Ó ní, "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni." A ò mọ̀. A ò béèrè.

Ó jókòó láàárín wa nínú aṣọ ẹgbẹ́ lónìí, ọmọ rẹ̀ náà wà pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló fún mi láyè kí n sọ ọ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ti dárúkọ rẹ̀ jù tẹ́lẹ̀.

Àbá tí mo mú wá síwájú ẹgbẹ́ nìyí. Kí a má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni síta nítorí owó títí ọmọ ẹgbẹ́ méjì yóò fi dé ilé rẹ̀. Kí a máa yẹ ìwé orúkọ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a béèrè ẹni tí a ò rí, kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ tuntun. Kò ní ná wa lówó. Ẹsẹ̀ lásán ni yóò ná wa.

Bí a bá ti jẹun tán, ọkọ̀ bàbá mi yóò gbé ẹni tó bá fẹ́ yípo ìlú. Ìyá mi ti gba àyè tiwọn níwájú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí pákó láìbẹ̀rù, ó le.

 Ẹgbẹ́ wa á gbèrú, Gbọ̀ngán á gbòòrò, àṣèyí ṣàmọ́dún o.