Mímú Ìrọ̀rùn Padà Bọ̀ Sínú Ọkọ̀ Tí Ó Ti Rìn Jìnnà

Ẹ jẹ́ kí a fi Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ohun kan tí ó sọ ọ́ di àyànfẹ́ ni pé ó ń rọra gba inú kòtò kọjá. Ṣùgbọ́n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti rin 200,000 kìlómítà, ẹ̀yìn èrò inú rẹ̀ ni kòtò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan a ní kí a tà á. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó ń ṣe é.

Sípíríǹgì ni ó ru ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì, tí epo wà nínú rẹ̀, ni ó ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kí ó má baà máa fò sókè fò sílẹ̀. Láàárín irin àti irin ni rọ́bà wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búùṣì. Ooru àti ọjọ́ orí a máa sọ rọ́bà yìí di líle, a sì sán. Ẹni tí ó wá lọ ra tìmùtìmù lé àga ọkọ̀, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Báwo ni kí a ti ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ó bá pọ̀ jù, táyà a le bí òkúta. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń jó lọ tí kò tètè dúró, tàbí tí epo ń ṣàn lára ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì náà ti kú. Méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún-tòsì, kí ọ̀kan má baà le ju èkejì lọ. Bí a bá pààrọ̀ búùṣì, ẹ rí i pé ọkọ̀ ti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí mẹkáníìkì tó fún bóòtù rẹ̀ pinpin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà tuntun a lọ́, kò sì ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ni kí a wá tún ìdúró táyà ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìgbádùn lọ. Táyà tí ó ń fò kò di ilẹ̀ mú. Bí a bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ a pẹ́ kí ó tó dúró. Ọmọ tí ó ń sọdá níwájú wa kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì wa ti kú. Àwa ni ó yẹ kí a mọ̀.