Ọlọ́dẹ Inú Ọpọlọ: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Sọ ní Ìpàdé

  

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n mo ti bèèrè, mo sì ti kà nípa ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dìde síwájú yín. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ wa ni.

Ẹ wo ọjà wa. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a ti palẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́dẹ ló kù tí ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri. Ọpọlọ náà ní ọlọ́dẹ tiẹ̀. Kì í ṣe ọdẹ orí tí àwọn àgbà ń pe àìsàn ni mò ń wí o. Àwọn tí mò ń wí yìí kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Ará Sípéènì kan, Pío del Río-Hortega, ló fún wọn lórúkọ ní 1919, ó pè wọ́n ní microglia. Láti inú oyún ni wọ́n ti wọ ọpọlọ. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń na apá kiri, wọ́n ń kó ìdọ̀tí, wọ́n ń wo ibi tó bàjẹ́.

Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọ́n á ké. Àwọn sójà ara á tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ wá, ibẹ̀ á gbóná, á wú, bí egbò ẹsẹ̀ ṣe ń wú. Wíwú yẹn kì í ṣe ọ̀tá, ogun ni ara ń jà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ní ibi tó lè wú sí. Ọpọlọ ò ní, eegun ló yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́dẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Tí olè bá ti lọ, ó yẹ kó gbé ìbọn sílẹ̀, kó bá wa tún ilẹ̀kùn ṣe. Èyí tó bá ń yìnbọn káàkiri lẹ́yìn tí olè ti lọ, ọjà wa náà ni yóò bà jẹ́.

Ẹ wo àrùn yírunyírun tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis. Awọ tó bo ọpọlọ ló ń wú. Ní 1996 ó jà lápá òkè ọ̀hún nílẹ̀ wa, ó mú èèyàn tó lé ní 100,000, ó sì pa ju 11,000 lọ. Ẹ má wí pé tiwọn ni o. Kòkòrò ò mọ ẹ̀yà. Ọ̀nà Ìdírókò la wà, mọ́tò ń wọlé, mọ́tò ń jáde, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ láti ìlú gbogbo ló ń rà lọ́wọ́ wa. Tí ibà líle bá mú èèyàn, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tí ọrùn gan, tí kò fẹ́ rí iná, tó ń sọ kántankàntan tàbí tí gìrì gbé e, ẹ má dúró de àárọ̀. Ọsibítù ni.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra dẹ́ksà ní kẹ́míìsì, tẹ́ ẹ ń pò ó mọ́ oògùn ara ríro, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lò ó kẹ́ ẹ lè sanra, ẹ gbọ́ o. Iṣẹ́ dẹ́ksà ni pé ó ń sọ fún àwọn ọlọ́dẹ ara pé kí wọ́n sinmi. Oògùn gidi ni, lọ́wọ́ dókítà. Ní Vietnam, wọ́n fi í kún oògùn àwọn tí ikọ́ ife wọ ọpọlọ wọn. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004: nínú 100 tó gbà á, bíi 32 ló kú, nínú 100 tí kò gbà á, bíi 41. Ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní Thailand fún àwọn tí ibà ẹ̀fọn wọ ọpọlọ wọn, tí àbọ̀ jáde ní 1982, kò dín ikú kù rárá. Àwọn tó gbà á tún pẹ́ kí wọ́n tó mọ ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Oògùn kan náà, àìsàn ọ̀tọ̀, àbọ̀ ò dọ́gba. Ta ló lè dúró nídìí àtẹ kó mọ èwo lèwo? Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ẹni tó sì ń gbé dẹ́ksà mì lójoojúmọ́ ti fi oorun kun ọlọ́dẹ ara rẹ̀, olè lè wọlé láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, kó má já a lójijì o, ewu wà níbẹ̀. Kó lọ bá dókítà, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ti àwọn ìyá wa àgbà. Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí nípa iyè ríra ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àbọ̀ tó jáde ní 2001 sọ pé nínú 1,000 arúgbó tó ti pé 65 sókè, bíi 14 ni iyè wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í ra lọ́dún kan ní Ìdíkàn. Láàárín àwọn èèyàn dúdú ní Indianapolis, bíi 32 ni. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Nínú irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí máa ń dì, àwọn ọlọ́dẹ á yí i ká láti kó o. Tí kò bá tán, tí wọn ò sì sinmi, ìgbóná wọn á máa pa kún ìbàjẹ́ náà. Àìsàn ni o, kì í ṣe àjẹ́. Ìyá tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tó ń rìn lóru, tó ń sọ ìsọkúsọ, kò jẹ́wọ́ àjẹ́ kankan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe nà án, kí a má sì lé e nínú ọjà wa.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ká fẹnu kò lé lórí lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ta dẹ́ksà lórí àtẹ nínú ọjà wa. Kí a yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́, tí a ó fi gbé ẹni tí ibà ń dà lọ́pọlọ rú dé ọsibítù lóru. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sì mọ ìyá àgbà tó wà nítòsí rẹ̀, kó máa bá wa mójú tó o.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi dá sí i.