Kí Ọmọ Yín Tó Wọ Bàálù Lọ Kàwé Nílẹ̀ Mìíràn

Àbúrò yín nọ́ọ̀sì tún ti dé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ má wo ojú mi tó wú. Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ọmọ yín wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ á kàn wọlé lọ́jọ́ kan, á ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ lọ lo sáà kan ní Sípéènì." Ó lè jẹ́ Japan, ó sì lè jẹ́ Legon ní Gánà. Kò ní tíì sọ ọ́ tán tí ilé á fi dàrú. Dádì á ní ta ló fẹ́ san án. Màmá àgbà á pè láti Ìbàdàn, wọ́n á ní, "Ṣé Amẹ́ríkà tí ẹ wà yẹn kì í ṣe òkè òkun ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwọn òbí tó bí wa, àpótí ni wọ́n gbé kúrò nílé. Òmíràn nínú wọn balẹ̀ síbí láìmọ ẹnì kankan. A ò lè jẹ èrè ìrìn àjò wọn, ká wá máa sọ fún ọmọ tiwa pé ìrìn àjò ò dáa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo agbára yín jà lórí "o ò ní lọ." Ẹ fi agbára yẹn bá a múra.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tèmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì nìyí: bí ara ọmọ yín ò bá yá níbẹ̀, ta ni ilé ìwòsàn máa bá sọ̀rọ̀? Ẹ máa ní, "Èmi ni. Ṣebí èmi ni mo bí i." Òfin ò wo ìyẹn o. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá ti pé ọdún 18, àgbàlagbà ni lójú òfin. Òfin HIPAA tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 ló ń dáàbò bo àṣírí ìlera rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lè wà lórí ìnṣọ́ránsì yín títí yóò fi pé ọdún 26, kí ẹ̀yin sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ìyẹn ò ní kí dókítà ṣí ìwé rẹ̀ hàn yín.

Mo ti gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù. Ìyá á máa sunkún lórí fóònù, orúkọ ọmọ á wà níwájú mi, èmi náà á máa sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í." Bí ọmọ bá lajú, ó rọrùn. Bí kò bá lajú ńkọ́? Òfin gba dókítà láyè láti lo làákàyè lásìkò pàjáwìrì, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn nìkan.

Nítorí náà, ìwé méjì kí ọmọ tó lọ. Ọ̀kan ni èyí tó fi yan ẹni tí yóò máa dáhùn nípò rẹ̀ bí òun ò bá lè sọ̀rọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń pè é ní health care proxy, àwọn mìíràn ń pè é ní medical power of attorney. Ìkejì ni ìwé HIPAA tó gbà kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ fún yín. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, torí náà ẹ má pàṣẹ, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó yé e pé àṣírí rẹ̀ kọ́ lẹ ń wá. Orílẹ̀-èdè tó ń lọ náà ní òfin tirẹ̀, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ń fẹ́ ìwé mìíràn níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì: ara ọmọ ńkọ́, kí ló ń lò? Adderall tí dókítà ń kọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí, èèwọ̀ ni ní Japan. Kódà ìwé dókítà ò lè gbé e wọlé. Ẹ wádìí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Èyí tó bá ń mú lọ, kó wà nínú ìgò tí ilé oògùn kó o sí, kó sì mú lẹ́tà dókítà dání.

Bí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ wá ilé ìwòsàn tó mọ àìsàn yẹn tọ́jú níbi tó ń lọ, kó tó kúrò nílé. Kó mú lẹ́tà tó sọ oògùn tó ń lò, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbà, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìrora rẹ̀. Kó máa mu omi dáadáa nínú bàálù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ọsibítù ni, kì í ṣe kó lọ sùn.

Bó bá jẹ́ Gánà tàbí Nàìjíríà ló ń lọ, ẹ má sọ pé, "Ọmọ Yorùbá ni, kí ni ẹ̀fọn fẹ́ fi í ṣe?" Ọmọ tó dàgbà síbí ò ní agbára ibà lára. Oògùn tó ń dènà ibà ní ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì ń lò ó síwájú lẹ́yìn tí wọ́n bá dé. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, kó sì tọ́jú yẹ́lò káàdì rẹ̀. Bí ibà bá mú un láàárín ọdún kan tó padà dé, kó sọ ibi tó lọ fún dókítà.

Ẹ tún pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ máa sanwó ní òkè òkun? Bí ó bá gba pé kí wọ́n fi bàálù gbé e wálé ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ni kò ní san án.

Lórí ìwé ìrìnnà, mi ò ní pẹ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ń gba ọmọ láyè fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen. Sáà ẹ̀kọ́ sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà kó wá físà akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá jẹ́ gíríìnkáàdì ló ṣì ń lò, ẹ ṣọ́ra. Bó bá kọjá oṣù mẹ́fà níta, ó lè dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú. Bó bá fẹ́ pé ọdún kan, ẹ rí lọ́yà kó tó jáde.

Owó ńkọ́? Ẹ bi ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ilé ìwé bóyá owó ìjọba rẹ̀ máa bá a lọ, torí fún ètò tí ilé ìwé bá fọwọ́ sí, ó lè bá a lọ. Bí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gba Pell Grant bá ni, kó wo Gilman. Ó lè tó 5,000 dọ́là.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jọ mú ọjọ́ àti wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí ẹ máa máa pe ara yín. Fóònù tí ẹ bá fi ń ṣọ́ ọ, yóò pa á ni. Ẹ bi í ní oorun rẹ̀, ohun tó jẹ, àti ẹni tí ó ń bá rìn. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè dá wà, kí ó má lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá ní, "Mọ́mì, ó ti sú mi," ẹ má kọ́kọ́ ka iye owó tí ẹ ti san sí i létí. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ bá ọmọ jókòó lórí ìwé méjì yẹn. Ẹ má dúró dìgbà tí àpótí bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí òbí kan tí ọmọ rẹ̀ ń múra. Kí Ọlọ́run mú wọn lọ ire, kó mú wọn bọ̀ ire. Ó dàbọ̀ o, mo fẹ́ lọ sùn.