Owó Àpótí Ilé Òrìṣà
Ẹ̀yin ará wa ní Tucker. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi owó àpótí ra bitcoin, kí a fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣẹ́ àti tẹ́níìsì pọ̀. A ti ṣírò rẹ̀. Àwọn onítẹ́tẹ́ sábà máa ń gba $110 lórí ohun tí ènìyàn yóò jẹ $100. Bí a bá ta ogún, tí a jẹ mẹ́wàá, $100 ti lọ, eré yòówù kó jẹ́. Bitcoin náà ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2021, ó kọjá $68,000. Nígbà tí oṣù kọkànlá 2022 fi parí, kò ju nǹkan bí $17,000 lọ. Títí di 2025, òfin Georgia kò gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá láàyè. Bí wọn kò bá san án, ta ni a ó fẹjọ́ sùn fún? Owó yìí la fi ń ra obì, òun la fi ń san owó ilé. A kò fọwọ́ sí i.