Ebi Tí Kì í Ṣe Wọ̀bìà



Ní ọ̀pọ̀ ojúlé ní Ṣàngó, bí aya ilé bá sanra tí kò sì tètè lóyún, oúnjẹ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ìyá ọkọ a máa ka iye òkèlè rẹ̀. Ìdájọ́ yìí kì í fi gbogbo ìgbà tọ́.

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní polycystic ovary syndrome. Ní ọdún 1935 ni Stein àti Leventhal, oníṣègùn méjì ní Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa obìnrin méje tí ó ní i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí, ó ń ṣe 10 sí 13, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Àmì rẹ̀ ni nǹkan oṣù tí kì í wá déédéé, irorẹ́, irùngbọ̀n lójú obìnrin, àti àìtètè lóyún. Àwọn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá a máa ní i.

Ara ní àwọn ońṣẹ́ tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni ínsúlìn, tí ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Lára ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí, ara kì í gbọ́ tirẹ̀ dáadáa mọ́, ó sì ń pèsè rẹ̀ ní ìlọ́po. Àpọ̀jù yìí a máa kó ọ̀rá jọ, a sì máa mú kí èròjà tí ó yẹ kí ó pọ̀ lára ọkùnrin pọ̀ lára obìnrin. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n ti ń wá.

Òmíràn ni ghrelin, ońṣẹ́ ebi, tí àwọn onímọ̀ ní Japan ṣàwárí ní 1999. Inú ikùn ni ó ti ń wá; a máa gòkè kí ènìyàn tó jẹun, a sì máa lọ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìwádìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n lára àwọn kan nínú wọn, kì í lọ sílẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Leptin ní tirẹ̀, tí ọ̀rá ń rán sí ọpọlọ pé ó tó, a máa pọ̀ lára ẹni tí ó sanra, ṣùgbọ́n ọpọlọ a kọ etí ikún sí i. Ẹ wo bí ó ti ṣòro tó láti fi èébú wo irú ebi bẹ́ẹ̀ sàn!

Síbẹ̀, ọ̀nà wà. Bí ẹni tí ó wọn kílò 100 bá dín kílò 5 sí 10 kù, nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ sí wá déédéé, oyún sì lè dé. Kò pọn dandan kí a pa àmàlà tì. Kí ó kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀, kí a sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Ẹni tí ń wọkọ̀ láti Ṣàngó dé Mọ́kọ́lá lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn oògùn tí dókítà ń fúnni wà pẹ̀lú.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, nítorí ó lè fa àtọ̀gbẹ. Bí nǹkan oṣù bá sì ń pẹ́ kí ó tó wá fún ọdún púpọ̀, ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. UCH, tí a ṣí ní 1957, wà ní ìtòsí. Kí ọkọ bá aya rẹ̀ lọ, kí wọ́n yẹ òun náà wò. Kí obìnrin sì kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ wá sínú ìwé láti ìsinsìnyí lọ, nítorí ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi í nìyẹn.